Ibùsùn Àìná

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a gun alùpùpù láti Kétu lọ sí Ìlárá,
èmi, adájọ́ kan, àti ọmọdékùnrin tó gbé okùn ìwọnlẹ̀.
Ẹ̀sùn wà nínú àpò mi, ojú ewé mẹ́ta,
ọwọ́ Ganíyù ló kọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Àìná:
pé Àìná kì í ṣe ará ibí,
pé Nàìjíríà ló máa ń sùn sí,
pé ẹni tí kò sùn ní kọmúùnù
kò lè jókòó ní ìgbìmọ̀ kọmúùnù.

Akọ̀wé mẹ́rì ni mí. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń lu òǹtẹ̀;
àtàǹpàkò mi ti gba àwọ̀ aró,
ọṣẹ dúdú kò bọ́ ọ mọ́.

Ilé náà rèé: yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan,
páànù tó ti dípẹtà.
Òpó ààlà tí àwọn òyìnbó rì mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn balùwẹ̀,
ewúrẹ́ kan fẹ̀gbẹ́ tì í, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.
A na okùn láti òpó yìí dé òpó kejì,
okùn gba ojú fèrèsé wọlé,
ó kọjá lórí ìkòkò omi,
ó sì sùn gbalaja sórí ibùsùn obìnrin náà,
lórí aṣọ ìbora olódòdó pupa.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Ìhà wo lo máa ń kọrí sí, ìyáàfin, tóo bá sùn?"
Àìná kò tètè dáhùn.
Ó ní: "Òjò ló ń sọ fún mi.
Ibi tí páànù kò bá ti jò ni mo ń kọrí sí."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni ǹ bá tún kọ?
Fọ́ọ̀mù béèrè pé: Níbo lò ń gbé?
Kò béèrè ta ló ń ṣí àgádágodo ẹ̀rọ omi ní aago márùn-ún ìdájí,
kò béèrè ta ló fi ọmọlanke
ti ìyàwó Ganíyù gan-an dé ilé ìgbẹ̀bí lóru.

Ganíyù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.
"Ọdún mẹ́sàn-án ló lò ní Ìmẹ̀kọ," ó ní,
"náírà ló ń ná, iná wọn ló ń tàn."
"Ìwọ ńkọ́?" ni Àìná wí. "Níbo lo ti ra bàtà ẹsẹ̀ rẹ?"
Ọmọdékùnrin tó di okùn mú rẹ́rìn-ín. Adájọ́ wò ó.

Ọ̀rọ̀ ìwọ́ náà tún dé.
Ìyá arúgbó kan nínú agboolé ní òun lòún gbẹ̀bí rẹ̀:
"Ìwọ́ ló kọ́ ọ lọ́rùn wáyé, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Àìná.
Èmi ni mo rì í mọ́lẹ̀, lábẹ́ igi orógbó.
Igi náà kò sí mọ́. Àwọn aṣọ́bodè gé e, wọ́n fi kan àga."

Mi ò fọhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ?
Ìwé ọjọ́ ìbí mi tó wà ní Kétu,
orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni mo ń jẹ́ nínú rẹ̀.
Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá oko tábà.
Bàbá mi san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta séfà, mo di ará ibí.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí,
adájọ́ ní ká gbé ibùsùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ká lè rí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.
Iyẹ̀pẹ̀ ni. Owó idẹ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ tó já.
A kò rí ìlà kankan.

Ó pa ìwé dé. Ó ní ẹjọ́ di ọjọ́ mìíràn.
Ìdìbò ku ọjọ́ mọ́kànlá.
A ti ń ká okùn nígbà tí Àìná ní:
"Ẹ dá ibùsùn mi padà síbi tí ẹ ti bá a."

A gbé e. A tún gbé e.
A wo ojú ara wa.
Kò sí ẹni tó rántí ibi tó wà gan-an.